Kí Ló Wọlé, Kí Ló Jáde? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Èròjà àti Àbájáde, ní Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ìbéèrè méjì lọ. Nígbà tí nǹkan bá yí padà di nǹkan mìíràn, kí ló wọlé? Kí ló sì jáde?

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní sẹ́kọ́ńdìrì mọ ìbéèrè yìí bí ẹni mowó. Nínú ìdánwò WAEC, wọ́n á kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sápá òsì, wọ́n á fa ọfà, wọ́n á kọ òmíràn sápá ọ̀tún. Òsì ni èròjà wà, ọ̀tún ni àbájáde wà. Ọmọ tó bá ti há ìyẹn sórí ti gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ kan náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú, níbi tí kò ti sí ọfà, tí kò sí òsì tàbí ọ̀tún, kí ẹ ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí èròjà. Ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e tàbí ó kàn há a sórí.

Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wọlé ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ ṣírò gbogbo ohun tó jáde, títí kan èyí tí ojú kò rí. Bí ìṣirò náà bá péye, ó lè dáhùn ohun tó ju ìbéèrè ìdánwò lọ. Ó ti bá ìlú Ifẹ̀ yìí dáhùn ọ̀kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣì sọ, mo sì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ. Èèpo kòkó tí àgbẹ̀ ń dà sí ìdí igi lẹ́yìn tó bá ti kó èso inú rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á dáná sun ún di eérú. Wọ́n á da eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí, wọ́n á máa wọ́n omi lé e lórí, omi á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò kejì tó wà nísàlẹ̀. Omi tó ń kán yìí pọ́n, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, bó bá sì kan ojú egbò, ẹni tó ni egbò á mọ̀. Wọ́n á gbé e kaná kó lè fà díẹ̀ kó sì le sí i, wọ́n á da àdín sí i, wọ́n á máa fi igi rò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àdín á léfòó sókè, omi á dúró nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á kọ̀ láti dàpọ̀. Bó bá pẹ́ lórí iná, wọn kò ní í ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Ohun tó wà nínú ìkòkò á ki, á máa fà mọ́ igi, ìyá á sì bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á bu omi sí i, á wò ó bóyá ó ń hó.

Ó dáa. Kí ló wọlé? Bí a bá bi àwọn ọmọ, wọ́n á ní: eérú, omi, àdín, iná, igi ìdáná, ìkòkò. Wọn kò purọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni láti jọ̀ ọ́. Ìkòkò wà bó ṣe wà; bó ṣe gòkè ló ṣe sọ̀ kalẹ̀. Igi ìdáná ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ ìkòkò, a ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n igi kò wọnú ọṣẹ. Ooru rẹ̀ nìkan ló wọlé. Ooru kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbé sórí òṣùwọ̀n, ó kàn ń mú iṣẹ́ yá ni. Eérú ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò oníhò, ó ti di ẹrẹ̀, wọ́n á dà á nù. Ìwọ̀nba tó yọ́ sínú omi ló kọjá, èyí tó sì ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni iyọ̀ potassium tí èèpo kòkó ní lọ́pọ̀lọpọ̀. Omi ló gbé e wá. Bí a bá jọ̀ ọ́ tán, méjì ló ṣẹ́kù sínú ajọ̀: àdín, àti iyọ̀ potassium tó wà nínú omi eérú. Àwọn wọ̀nyí ni èròjà.

Kí ló jáde? Gbogbo ayé ló máa ní ọṣẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló tú ọ̀rá palẹ̀ tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1823. Ó fi hàn pé ohun méjì ló so pọ̀ nínú ọ̀rá: àwọn ásíìdì kan, àti ohun dídùn kan tí à ń pè ní glycerin. Nígbà tí potassium bá gba ásíìdì wọ̀nyí mọ́ra, wọ́n di ọṣẹ. Glycerin á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, àbájáde méjì ló wà nínú ìkòkò ìyá ọlọ́ṣẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń fi iyọ̀ ya glycerin kúrò lára ọṣẹ tiwọn, wọ́n á tà á lọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìpara. Nínú ọṣẹ dúdú, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀, ó sì máa ń mú kí ara dá omi dúró. Àwọn ìyá wa ti ń ta àbájáde méjèèjì pọ̀ láti ayébáyé.

Ìka ọwọ́ lásán sì lè sọ èròjà fún ni. Ọṣẹ dúdú rọ̀, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ wọnú. Potassium ló fa ìyẹn. Ẹni tó bá fi kọ́ọ́sítìkì sódà rọ́pò omi eérú ti fi sodium rọ́pò potassium, ọṣẹ rẹ̀ á sì le, á ṣeé gé ní búlọ́ọ̀kù. Àdín kan náà, ìkòkò kan náà, iná kan náà. Èròjà kan ṣoṣo ló yí padà, àbájáde sì yí padà tẹ̀ lé e. Ní ti dúdú tó dú, ẹ má wulẹ̀ wá a nínú ìṣirò wa. Èédú wẹ́wẹ́ àti ìdọ̀tí eérú ló bá a wọlé tó sì bá a jáde láìṣe nǹkan kan.

Nínú iṣẹ́ ọṣẹ, omi kàn gbé potassium wá ni. Mo fẹ́ kí ẹ di ìyẹn mú, nítorí níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, omi kì í ṣe agbérù lásán. Ọ̀gá wẹ́dà á ju òkúta kábáìdì sínú táńkì rẹ̀ tó ní omi, omi á hó gùdùgùdù láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, gáàsì á gba inú rọ́bà jáde lọ sí ẹnu ìjónà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á da ohun funfun kan tó ki jáde nínú táńkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kábáìdì tó ṣẹ́kù ni. Kò ṣẹ́kù rárá o! Kábáìdì ti lọ. Ohun tuntun ni funfun yẹn: láìmù ni, irú èyí tí àwọn kan fi ń kun ògiri. Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀ nítorí bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe gún. Gíráàmù 64 kábáìdì máa ń gba gíráàmù 36 omi. Gíráàmù 26 gáàsì á jáde pẹ̀lú gíráàmù 74 láìmù. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù wọlé, ọgọ́rùn-ún gíráàmù jáde. Ẹni tó bá pe láìmù ní ìdọ̀tí tí kò kà á, ìṣirò rẹ̀ á fi gíráàmù 74 dín, kò sì ní mọ ibi tó gbé e sí.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún àwọn tó ń ta èso. Gbogbo wa mọ òórùn kábáìdì. Gáàsì tó mọ́ gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn. Òórùn yẹn ń wá láti ara àwọn nǹkan àìmọ́ tó wà nínú òkúta náà, tó fi mọ́ phosphorus, àti arsenic tí í ṣe májèlé, tó máa ń wà nínú kábáìdì tí wọn kò fọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ wọ́n sápá òsì, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé, wọ́n sì ń jáde. Ìdí nìyí tí NAFDAC fi ń kìlọ̀ léraléra pé kí a má ṣe fi kábáìdì pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò. Ẹni tó ń fi í pọ́n èso rò pé gáàsì nìkan ni òun ń fún èso. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó bá a rìn ń wọ ẹnu ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba ọjọ́ rẹ̀.

Ó kan iná wàyí. Ẹ wo èèpo kòkó tó kún àpò ńlá. Lẹ́yìn tí a sun ún, eérú tó kù kò kún igbá. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù rò pé ohun kan ló wà nínú igi tí iná máa ń lé jáde. Antoine Lavoisier ló fi òṣùwọ̀n parí àríyànjiyàn náà. Ó ń jó nǹkan nínú ìgò tó dé pa, ó ń wọn gbogbo rẹ̀ kó tó jó àti lẹ́yìn tó jó, òṣùwọ̀n kò sì yẹ̀. Joseph Priestley ti rí gáàsì kan ní 1774 tí iná máa ń ràn nínú rẹ̀ gan-an. Lavoisier ni ó yé pé gáàsì yìí, ọ́síjìn, jẹ́ èròjà tòótọ́ nígbàkigbà tí nǹkan bá ń jó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ ní 1789. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé, wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Afẹ́fẹ́ ni a máa ń gbàgbé nínú ìṣirò, bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Gíráàmù 12 èédú tó mọ́ á gba gíráàmù 32 ọ́síjìn, á sì sọ ọ́ di gíráàmù 44 carbon dioxide. Ohun tó jáde wúwo ju èédú tí a rí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, síbẹ̀ ojú kò rí i. Ẹ jẹ́ ká mú un wọ ilé ìdáná. Sìlíńdà gáàsì tí a ń rà ní kílò 12.5: tí a bá kà á sí propane, nígbà tí sìlíńdà náà bá fi máa tán, gáàsì inú rẹ̀ á ti gba nǹkan bíi kílò 45 ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́. Nǹkan bíi kílò 37 carbon dioxide ló ti jáde, pẹ̀lú ogún kílò omi. Ogún kílò omi! Omi yẹn wà lára èyí tí ẹ máa ń rí lára dígí fèrèsé ilé ìdáná nígbà òtútù, òun náà ló sì máa ń mú kí ìdí ìkòkò tútù làágùn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kaná.

Àwọn aláró náà mọ afẹ́fẹ́ dáadáa ju ọ̀pọ̀ àwa tí a ka ìwé lọ. Bí aṣọ bá ti inú ìkòkò aró èlú jáde, àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ló máa ń ní; wọ́n á nà án sáfẹ́fẹ́, á sì di aró lójú wọn. Afẹ́fẹ́ ló parí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní èlú àti omi eérú nìkan ni èròjà aró kò tíì kà á tán.

Bí èròjà kan kò bá tó, àbájáde lè yí padà pátápátá. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè lèyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, kábọ́ọ̀nù inú epo á di carbon dioxide. Bí ọ́síjìn bá dín, ìdajì ọ́síjìn ni kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á rí gbà: gíráàmù 12 pẹ̀lú 16, ó di 28, àbájáde sì di carbon monoxide. Kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Ó máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gbé ọ́síjìn kiri ara mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń tàn nígbà tí iná bá lọ ń tú u jáde ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Èédú tó ń rẹ̀ lọ nínú kóòlù pọ́ọ̀tù náà ń tú u jáde. Àwọn ìdílé kan ti sùn ní orílẹ̀-èdè wa tí wọn kò jí, ẹ sì ń kà á nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó há, tàbí sábẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí òtútù. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta kí ẹ tó máa wá oògùn orí fífọ́.

Ó ku ohun kan tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú, òun ló sì máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Bí òrí bá yọ́ lóòrùn, tó sì tún dì lálẹ́, èròjà wo ló wọlé? Kò sí. Òrí ló wọlé, òrí ló jáde. Yíyọ́ kì í ṣe àyípadà irú èyí tí à ń sọ. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí ní 1938 náà, yíyọ́ àti dídà sínú àwòṣe ni iṣẹ́ wọn. Idẹ wọlé, idẹ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu.

Dígí wá ńkọ́? Nínú ìlú yìí kan náà, ní Igbó Olókun, ilẹ̀ kún fún ìlẹ̀kẹ̀ dígí, fún ìyàngbò dígí, àti fún àfọ́kù ìkòkò tí dígí ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 1910. Òun kan náà ló sọ pé iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ kò lè jẹ́ ti àwọn baba wa, pé ti àwọn ará Atlantis, erékùṣù inú àròsọ, ni. Lẹ́yìn rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé dígí tó wà ní Ifẹ̀ ti òkè òkun wá; pé ńṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ dígí àlòkù, tí wọ́n ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè wa gan-an ni wọ́n ń dáhùn láìmọ̀. Ṣé dígí ló wọ inú ìkòkò yẹn tí dígí sì jáde, bíi ti òrí? Àbí iyanrìn àti òkúta ló wọlé, tí dígí sì jáde?

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ti lọ. Wọ́n ṣe é láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọn kò sì kọ èròjà wọn sílẹ̀. Àbájáde nìkan ló kù, àbájáde náà ni àwọn olùwádìí sì gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ní 2006, James Lankton, Thilo Rehren àti Akin Ige, onímọ̀ òkúta ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Nínú dígí ilẹ̀ Mẹditaréníà àtijọ́, alumina, ohun kan tó ń wá láti ara òkúta àti iyanrìn, kì í sábà ju 2 tàbí 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú dígí Ifẹ̀, alumina lé ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún, láìmù náà lé ní 10. Dígí kan wà ní Íńdíà tí alumina pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láìmù tirẹ̀ kéré. Kò sí ibì kan ní òkè òkun tí wọ́n ti ń ṣe irú dígí Ifẹ̀ yìí tí wọn ì bá fi rà á wá. Bó bá jẹ́ pé dígí òkèèrè ló wọlé, dígí òkèèrè ni ì bá jáde, nítorí yíyọ́ kì í dá alumina sílẹ̀.

Abidemi Babatunde Babalola tún gbẹ́lẹ̀ ní Igbó Olókun ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ló rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó lé ní 800 àti ọ̀pọ̀ kílò ìyàngbò dígí. Àyẹ̀wò rẹ̀ fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: ilẹ̀ Ifẹ̀ ni èròjà náà ti wá. Alumina wà nínú feldspar, feldspar sì wà nínú gíránáìtì agbègbè Ifẹ̀, tó ń jẹrà di iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Láìmù ló ṣòro díẹ̀. Òkúta irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò kò sí lábẹ́ ilẹ̀ níbí. Àbá kan tí àwọn olùwádìí dá ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkarahun ìgbín, àbá náà sì bá mi lára mu, nítorí ibi tí ìgbín pọ̀ sí nìyí, ìkarahun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ calcium carbonate látòkè délẹ̀. Ní ti sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ tó ní àwọ̀ aró, cobalt díẹ̀ pẹ̀lú manganese ló fún un ní àwọ̀ rẹ̀.

Irú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ yìí dé Igbo-Ukwu, ó dé Gao lórílẹ̀-èdè Málì. Akinwumi Ogundiran àti Ige náà tún kọ àpilẹ̀kọ ní 2015 lórí dígí tí wọ́n ṣe ní Igbó Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, ní ìgbà tó tẹ̀ lé e. Mo fi gbogbo ọkàn sọ ọ́: nígbà tí mo kọ́kọ́ ka nọ́ńbà alumina yẹn, ó wọ̀ mí lára ju oríkì lọ. Ẹni kan lè sọ pé a ò lè ṣe é, ẹlòmíràn lè sọ pé a ṣe é, àwọn méjèèjì á máa jà títí. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, bí a bá ka ohun inú rẹ̀ pé, á sọ iyanrìn tó ti wá.

Ilé ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ Igbó Olókun báyìí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, èèyàn gbọ́dọ̀ gbélé. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí ohun dídán aláwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ nínú, kí ó dá iṣẹ́ dúró díẹ̀. Ẹ má hú u, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tà á fún oníṣòwò. Ẹ ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí sí yunifásítì. Àfọ́kù tí a mọ ibi tó wà nínú ilẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ tí èyí tó wà lórí tábìlì oníṣòwò kò lè sọ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa kádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà kò tíì bà jẹ́, a kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Nítorí náà, ẹ bá mi ṣe èyí pẹ̀lú kíláàsì yín. Ẹ bu omi tó mọ́ lókè funfun wẹ́dà sínú ife, kí ọmọ kan fi ìfàmu fẹ́ èémí sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kó fẹ́ o, kó má fà á mu. Omi náà á funfun bíi wàrà. Carbon dioxide inú èémí ọmọ ló pàdé láìmù tó di calcium carbonate, ohun kan náà tó wà lára ìkarahun ìgbín. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kó ìkarahun ìgbín jọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì wọn gíráàmù 100. Ẹ gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ nínú ago irin, kí ọ̀gá fín ewìrì sí i títí yóò fi pọ́n fòò, ní nǹkan bí ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Àgbàlagbà ni kó gbé e kúrò níná. Bó bá tutù, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án, kó má sì kan omi tàbí ojú, nítorí ó ń jóni. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí iná bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, yóò súnmọ́ 56. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tó wọlé, kí wọ́n kọ ohun tó jáde, kí wọ́n sì sọ ibi tí gíráàmù 44 wà. Bó bá lé ní 56 dáadáa, iná kò tíì parí: kí wọ́n dá a padà sínú iná, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí òṣùwọ̀n yóò fi dúró lójú kan.